Kí Èsì Nvidia Tó Jáde: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìrànwọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé orí Zoom ti oṣù yìí. Akọ̀wé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí kò ráàyè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pín in dé gbogbo ẹ̀ka.)

Alága ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, èmi náà ò sì fẹ́ kí dátà yín parí sórí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ rántí pé ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dá àbá pé ká mú ìdajì owó tó wà nínú àpò ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ká fi ra ṣíà Nvidia kí wọ́n tó gbé èsì oṣù mẹ́ta wọn jáde ní ìparí oṣù Kejì yìí. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ AI ti gbòde, ilé iṣẹ́ náà ń ṣe dáadáa ni. Pé bí èsì bá ti dára, owó ṣíà á gòkè, a ó tà á, a ó dá owó àwọn ọmọ padà sí àyè rẹ̀, èrè á sì ṣẹ́kù fún ẹgbẹ́. Àbá náà dùn létí. Mo rí i lórí Wasáàpù bí àwọn ènìyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un. Alága wá ní kí èmi tí mo ń fi iṣẹ́ ìṣirò owó jẹun wá là á yé wa ká tó dìbò.

Kí n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò nílẹ̀. Àwọn ìyá wa kan ti pè mí pé, "Ṣé kì í ṣe irú CBEX yẹn náà ni?" Rárá o, ẹ̀yin ìyá wa. CBEX tó fọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn ènìyàn fi ìbínú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn, àjọ SEC orílẹ̀-èdè yìí ò fún un láṣẹ rárá. Nvidia ń ta ọjà tí ojú rí, tí ọwọ́ bà. Ọdún 1993 ni Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá a sílẹ̀ ní California. Ṣíìpù tó ń mú kí àwòrán géèmù dán lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe. Ọdún 1999 ni wọ́n kó ṣíà wọn wá sọ́jà. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé irú ṣíìpù kan náà ló yá jù láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní òye àtọwọ́dá, ìyẹn AI tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń kọ lẹ́tà báyìí (akọ̀wé wa, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o). Lónìí, Microsoft, Amazon, Google àti Meta ń rà á bí ẹni ń ra búrẹ́dì gbígbóná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Nvidia di ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí iye rẹ̀ lórí ọjà tó tírílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó owó ẹgbẹ́ fún oní-gbájú-ẹ̀. Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ tèmi wà.

Ohun tí mo wá sọ ni pé iye tí wọ́n ń ta ṣíà lónìí, ìrètí ọ̀la ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó ṣàlàyé, torí owó kòkó ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 ní ọjà New York. Ìkórè ti burú ní Ghana àti Côte d'Ivoire, àwọn oníṣòwò sì ń bẹ̀rù pé èyí tó ń bọ̀ náà lè má dára, ni wọ́n bá ń du èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ra kòkó pamọ́ lọ́jọ́ yẹn torí pé kòkó ti wọ́n, ó ra kòkó, ó sì ra ìbẹ̀rù gbogbo ayé mọ́ ọn. Kí ọdún 2025 tó parí, owó náà ti já sí ìsàlẹ̀ ìdajì. Kòkó ṣì ni kòkó. Ìbẹ̀rù yẹn ló ti rọlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣíà. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ tó bá kó ṣíà sí ọjà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jáde wá sọ iye tó tà, iye tó ná, àti iye tó kù sọ́wọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn onímọ̀ ọjà, ìyẹn àwọn tí báńkì ńláńlá gbà síṣẹ́ láti máa ṣírò àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, á ti kọ tiwọn sílẹ̀: iye tí wọ́n rò pé ó máa tà, iye tí wọ́n rò pé ó máa jẹ lérè. Wọ́n á ró gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní ìrètí ọjà. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà máa ń sọ iye tó rò pé òun á tà ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Òmíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé kankan, iye abẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń sọ sí ara wọn létí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti mọ́ àwọn ènìyàn lára pé ó máa ń ṣe ju ìrètí lọ, iye abẹ́lẹ̀ á ti ga ju ti ìwé lọ. Iye abẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni èsì máa ń bá jìjàkadì.

Ẹ̀yin òbí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ tó máa ń gba 40, bó bá gba 55 lọ́jọ́ kan, ẹ ó pa adìyẹ. Ọmọ tó máa ń gba 98, bó bá gbé 93 wálé, bàbá á wo ìwé náà títí, á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" 93 ju 55 lọ fíìfíì, àmọ́ ta ni wọ́n pa adìyẹ fún?

Ẹ wá wo Nvidia fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó ní òun ta ọjà bílíọ̀nù 7.19 dọ́là ní oṣù mẹ́ta. Èyí kéré sí ohun tó tà ní àsìkò kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ní òun ń retí bílíọ̀nù 11 ní oṣù mẹ́ta tó kàn, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 7 àti díẹ̀ péré ni àwọn onímọ̀ ọjà kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ṣíà náà fi ìdá 24 nínú 100 gòkè. Ọmọ tó ń gba 40 nìyẹn. Kò sẹ́ni tó retí ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Nígbà yẹn gbogbo ayé ti gbọ́. Àwọn ènìyàn tiẹ̀ kóra jọ sí ilé ọtí ní New York láti jọ dúró de èsì náà, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Èsì dé: bílíọ̀nù 30 dọ́là, ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ. Àwọn onímọ̀ ọjà ti kọ bíi bílíọ̀nù 28.7, ó sì jù ú. Ó ní òun á ta bílíọ̀nù 32.5 ní oṣù mẹ́ta tó kàn, èyí náà ju ìrètí ọjà lọ díẹ̀. Ó tún ní òun fẹ́ fi bílíọ̀nù 50 dọ́là sí i ra ṣíà ara òun padà. Kí lẹ tún fẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, ṣíà náà fi ìdá 6.4 nínú 100 já wálẹ̀.

Ìdí ni pé àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ọjà yẹn ti ń retí tó bílíọ̀nù 37.9 fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, 32.5 ò yó wọn. Wọ́n tún rí i pé ohun tó ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ iye tí ọjà náà ná wọn ti wálẹ̀ láti ìdá 78.4 sí ìdá 75.1 nínú 100. Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ń rí náírà 75 kù lórí ọjà náírà 100? Síbẹ̀ wọ́n ń ráhùn.

Ẹ lè ní bóyá ọjọ́ yẹn ni ò dáa. Mo jókòó ka gbogbo rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 títí dé oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Nvidia gbé èsì jáde. Nínú gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iye ọjà tó tà ju ìrètí ọjà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú mẹ́fà ni ṣíà náà já lọ́jọ́ kejì. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti oṣù Kejì ọdún 2025: ọjà tó tà fi ìdá 78 nínú 100 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ṣíà sì fi ìdá 8.5 já. Nínú méjì tó gòkè, ọ̀kan ò tó ìdá kan nínú 100, ìkejì jẹ́ bíi ìdá 3. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó ta bílíọ̀nù 57 dọ́là. Lọ́jọ́ kejì, ṣíà náà gòkè láàárọ̀, gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn kú oríire, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti fi ìdá 3 wà nísàlẹ̀ ibi tó wà lánàá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa bá ní "èsì á dára," mo gbà pẹ̀lú wọn, ó ṣeé ṣe kó dára gan-an. "Owó á gòkè" tó tẹ̀lé e ni mi ò lè fọwọ́ sí.

Àwọn míì tó jẹ́ pé èsì wọn ò dára ńkọ́? Netflix ní oṣù Kẹrin ọdún 2022: ó ti sọ fún ayé pé òun á rí oníbàárà mílíọ̀nù 2.5 sí i, ó wá jẹ́ pé 200,000 ló lọ. Nínú oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 220 lọ, kí ni 200,000? Ṣíà náà fi ìdá 35 já lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Meta tó ni Facebook àti Wasáàpù tẹ́ ẹ fi ń ka èyí, ó fi ìdá 26 já ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà. Ẹ fojú inú wò ó ká ní owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

Èyí tó ń bọ̀ yìí wá ńkọ́? Nvidia fúnra rẹ̀ ti sọ láti oṣù Kọkànlá pé òun ń retí nǹkan bíi bílíọ̀nù 65 dọ́là. Gbogbo ẹni tó ń ra ṣíà láyé ló ti ka 65 yẹn, ó ti wọ inú owó ṣíà tipẹ́. Bí èsì bá dé tó jẹ́ 65 géérégé, ojú á fà ro. Ó gbọ́dọ̀ jù ú dáadáa, kó sì tún sọ iye tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ìyẹn náà jọ wọ́n lójú. Ohun tí wọ́n máa tẹ́tí sí jù, lójú tèmi, ni bóyá àwọn oníbàárà ńlá mẹ́rin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣì fẹ́ máa náwó báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun fẹ́ sinmi, ara Nvidia á kọ́kọ́ tutù. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta ṣíìpù kan tó ń jẹ́ H20 sí Ṣáínà láìgba ìwé àṣẹ. Bílíọ̀nù 4.5 dọ́là ni Nvidia kà sí àdánù ní oṣù mẹ́ta yẹn nítorí ọjà tó ti ṣe sílẹ̀ àti èyí tó ti ṣàdéhùn láti rà. Òfin ló fa ìyẹn, kò sí onímọ̀ tó lè ṣírò ọ̀la òfin.

Nígbà míì gan-an, kò nílò ọjọ́ èsì rárá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2025, ìròyìn kàn pé ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ DeepSeek ti ṣe AI tí kò ná an lówó púpọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdá 17 nínú 100 ti kúrò lára ṣíà Nvidia, tó bí bílíọ̀nù 589 dọ́là. Kò tíì sí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kankan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹnì kan kọ ọ́ sórí pátákó wa pé ṣíà yìí ti "pọ́ọ́kú" torí pé ó ti fìgbà kan jẹ́ dọ́là 1,200, kò sì tó igba dọ́là mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, wọ́n gé e ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n gé ṣíà kan sí mẹ́wàá. Ẹni tó ní ẹyọ kan di ẹni tó ní mẹ́wàá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àtijọ́. Ẹ gé búrẹ́dì sí ọ̀nà mẹ́wàá, búrẹ́dì kan náà ni.

Ẹlòmíì ní òun mọ ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tó ti rí èsì náà kó tó jáde. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ra ṣíà tàbí tà á. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ mọ ohun tó ń wá. Lọ́nà méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà tún wà. Nvidia kì í gbé èsì jáde nígbà tí ọjà ṣí. Lẹ́yìn tí ọjà New York bá ti padé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ìyẹn aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa nílé lásìkò yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń rà, wọ́n sì máa ń tà lóru yẹn. Kí áàpù fóònù tiwa tó jẹ́ ká tà nígbà tí ọjà bá tún ṣí ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kejì, owó náà ti fò kọjá wa. Àwọn kan ní, "Bó bá fẹ́ já, a ó yára tà." Ta ló máa dúró dè yín?

Náírà náà ò dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, bíi náírà 470 ni dọ́là kan. Kó tó di ìparí oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ní ṣíà Amẹ́ríkà nígbà yẹn jèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń rò pé ọgbọ́n òun ni. Ní ọdún 2025 náírà gbéra díẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ lára èrè ẹni tó bá fẹ́ kó o wálé.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí ẹ̀gbọ́n wa o. Ẹni tó ra Nvidia ní ọjọ́ kan ṣáájú èsì oṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí ìdá 6.4 yẹn bá a níbẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ títí di ìparí ọdún 2025, ó jèrè dáadáa. Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Àmọ́ ẹni tó lè fi í sílẹ̀ ló rí èrè yẹn jẹ. Owó tiwa ní ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹta ni a ṣèlérí fún àwọn ọmọ wa ní yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe pé a ó san, èsì Nvidia á sì jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ṣíà bá fi ìdá 8 já ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ tó ń retí wa kò ní lè sọ fún ọ́fíìsì owó ilé ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n dúró títí Nvidia á fi gbéra. Wọn ò ní jẹ́ kó wọ yàrá ìdánwò. Nínú àwọn ọmọ yìí, ọ̀kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọjà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n. Kò sí owó míì níbì kankan fún ọmọ yẹn.

Àbá tèmi rèé, akọ̀wé ti ní in lọ́wọ́. Owó tí a máa san ní oṣù Kẹta, kó dúró sí báńkì bó ṣe wà. Èyí tó jẹ́ ti sáà tó ń bọ̀, ká fi ra tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ìjọba olóṣù mẹ́ta. Èlé rẹ̀ ò ní mú ẹnikẹ́ni jó, àmọ́ a mọ ọjọ́ tó ń padà wálé. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ ní ṣíà lóòótọ́, èyí tí mo fara mọ́ dáadáa, ká dá àpò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ tí ẹni tó bá wù ló máa dá sí, tí a ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, tí kò sì ní jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa wà nínú rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wa tó dá àbá yẹn jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n ní ìtara, wọ́n sì ń kàwé.

Ìbò á bẹ̀rẹ̀ lórí pátákó Wasáàpù wa ní ọjọ́ Sátidé, ó máa parí ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ kà á, ẹ má fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan.